Áàpù Tí Yóò Rọ́pò Ohùn Àǹtí

Ajé, ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Dókítà ti là á mọ́lẹ̀ fún wa lónìí. Nǹkan tó hù sí Àǹtí lọ́fun, abẹ ni wọn ó fi yọ ọ́, bí wọ́n bá sì yọ ọ́, ohùn bá a lọ nìyẹn. Ọjọ́ karùn-ún, oṣù karùn-ún ni wọ́n fún wa. Àǹtí yíjú sí mi: "Ìyàwó, inú ẹ á dùn. Ta ló tún máa pariwo mọ́ ẹ?" Àwọn nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Nígbà tá à ń darí bọ̀ wálé, tẹlifóònù ṣọ́ọ̀bù ni mo ń rò. Ojú tì mí, àmọ́ òun ni mo ń rò. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fẹ́ pàdánù ohùn, èmi ń ro tẹlifóònù! Ṣùgbọ́n aláìsàn mọ́kànlélógójì ló ń pe nọ́ńbà yẹn bí ọ́síjìn wọn bá fẹ́ tán, ohùn Àǹtí ni wọ́n sì ń gbọ́ láti ọdún mẹ́tàlá. Látìgbà tí ọkọ mi ti dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀ títí tó fi kú, títí dòní, kò tíì sí ẹnì kan tí ọ́síjìn tán mọ́ nímú kí sílíńdà wa tó dé. Ẹnì kan ṣoṣo kò sí. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ tèmi ló ti máa bàjẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

A gba ọmọbìnrin kan láti jókòó sídìí tẹlifóònù, ká fi wò ó. Láàárín wákàtí méjì, ó ti jẹ́ kí ìpè mẹ́ta já. Àǹtí máa ń mọ ẹni tó pè láti ara bó ṣe ń mí. Ọmọ yìí ń bi àwọn tí kò rí èémí mí pé kí wọ́n tún àdírẹ́sì wọn sọ. Ó wá lọ ṣí ojú ìwé tuntun nínú ìwé ńlá tí Àǹtí ń kọ gbogbo ìpè sí, nígbà tí ìlà kan ṣì wà lójú ti tẹ́lẹ̀ tí a ò tíì fàmì sí. Àǹtí gbá a lọ́wọ́ pẹ́ẹ́. Ó bú sẹ́kún, ó kó báàgì ẹ̀, ó di gbére.

"Tí awakọ̀ ò bá tíì sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ara ẹ̀ pé òun ti gbọ́, mi ò ní fàmì sí i," ni Àǹtí ń wí. "Tí mi ò bá sì tíì fàmì sí i, mi ò ní ṣí ojú ìwé tuntun." Bí ẹni tó ń ka òfin ìjọba.

Áàpù ló kù. Kí aláìsàn fọwọ́ tẹ fóònù, kí ti awakọ̀ dún. Àbí kí ló tún ṣòro níbẹ̀?

Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Ọkùnrin kan tó ń kọ áàpù wá, onígíláàsì tó nípọn bí ìdí ìgò. Wọ́n ní áàpù méjì làwọn máa kọ́, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ọ̀kan fún irú fóònù olówó ńlá tí àwọn ọmọ aláìsàn ń lò, ọ̀kan fún irú tí àwọn awakọ̀ wa ń lò, kálukú pẹ̀lú èdè tiẹ̀. Nétíìfù ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní irú ẹ̀ máa ń mọ fóònù náà tinú tẹ̀yìn, ó mọ ìgbà tó sùn àti ìgbà tó jí. Oṣù márùn-ún. Mo ní oṣù méjì péré ni mo ní. Wọ́n ní, "Mádáàmù, nínú oṣù márùn-ún yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni màá fi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù yín, tí màá máa bá ọkọ̀ yín jáde, kí n tó kọ ìlà kan ṣoṣo nínú áàpù náà."

Mo ní, "Ṣé iṣẹ́ awakọ̀ lẹ wá wá ni?"

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n nu gíláàsì wọn, wọ́n dìde.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Ẹlòmíì wá. Ọmọbìnrin ni, kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ, kọ̀ǹpútà lábẹ́ apá bí ẹni gbé ọmọ. Ọmọ Kọ̀ǹpútà ni Àǹtí ti sọ ọ́ kó tó jókòó. Tiẹ̀ ni háíbíríìdì: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa kọ ọ́, á sì ṣiṣẹ́ lórí fóònù méjèèjì. Ọ̀sẹ̀ méje. Ó ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà, ó ń kọ gbogbo ohun tí mo bá wí sílẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó bi mí pé, "Màámi, ṣé nǹkan míì wà tó yẹ kí n mọ̀ nípa bẹ́ ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́?"

Mo ní kò sí. Sílíńdà là ń gbé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Mi ò rí oorun sùn lórí ọ̀rọ̀ yìí, ni mo bá bá Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ jáde láàárọ̀. Awakọ̀ wa àgbà nìyẹn. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ti ń wa ọkọ̀ fún wa, wọn ò kọlu ẹnikẹ́ni rí, wọn ò sì yára rí. Ilé Ìyá Aránṣọ, ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn wa, la lọ. Nígbà tá a débẹ̀, Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ pa fóònù wọn, wọ́n jù ú sínú àpótí ọkọ̀, kí wọ́n tó ki sílíńdà mọ́lẹ̀. Èmi náà pa tèmi, òfin ọkọ mi ni. Ọkọ mi ò ní jí dìde wá bá wa jà.

Àjà kẹrin ni ilé wọn. Ìyá Aránṣọ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ lójú fèrèsé, okùn ọ́síjìn nímú, wọ́n ń yí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì kan. "Alátẹ́gùn!" ni wọ́n ń pè mí. "Ó mà pẹ́ o. Ṣé o wá wò ó bóyá mo ti kú ni?" Mo ro ẹjọ́ mi fún wọn: ọkùnrin tó fẹ́ kọ́ méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọmọbìnrin tó fẹ́ kọ́ ẹyọ kan fún gbogbo fóònù. Wọ́n gé òwú pẹ̀lú eyín.

"Èyí náà le ni? Aṣọ tá a bá wọn ara rán, àti aṣọ tá a rán sílẹ̀ de ẹni tó bá fẹ́. Aṣọ tó bá gbogbo èèyàn mu, ọmọ mi, kò bá ẹnì kan mu dáadáa." Wọ́n mí díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ti gùn jù fún wọn. "Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ jáde lọ́la, èyí tó wà nílẹ̀ ló máa rà. Kò kúkú ní jáde níhòòhò."

Apá kejì ọ̀rọ̀ yẹn ni mo mú lọ sílé.

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Mo ti pe Ọmọ Kọ̀ǹpútà. Háíbíríìdì ni.

Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ooru yìí fẹ́ pààyàn. Epo ọkọ̀ tún gbówó lórí láàárọ̀, àwọn elépo ò tiẹ̀ bẹ̀ wá. Ohùn Àǹtí ti ń há. Bó bá dọ̀sán, wọ́n á máa fi ìka kan ìwé, wọ́n á ní kí n gbà á sọ. Lánàá, àwọn tó pè ń bi mí pé, "Màmá dà?" bí ẹni pé mo ti gbé wọn pamọ́. Àwọn kan ò tiẹ̀ sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fún mi, wọ́n ní àwọn á tún pè.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

A rí i! Ọmọ Kọ̀ǹpútà gbé e wá lójú fóònù. Bọ́tìnnì pupa ńlá kan, MO FẸ́ Ọ́SÍJÌN. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, á kọ ọ́ síwájú ẹ pé, *Ọ́síjìn yín ti ń bọ̀ lọ́nà*. Ti awakọ̀ á ké. Lójú kọ̀ǹpútà tiwa, àmì aláwọ̀ ewé á yọ. Bí sílíńdà bá dé, aláìsàn á tẹ Ó TI DÉ, ó parí.

Lórí fóònù Ọ̀gá Jẹ́jẹ́, ó falẹ̀ díẹ̀. Fóònù wọn ti dàgbà jù mí lọ. Wọ́n ní, "Mádáàmù, ẹ má dá a lẹ́bi. Jẹ́jẹ́ lèmi náà ń rìn." Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù kan, mo rẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo fi áàpù han Àǹtí. Wọ́n wò ó, wọ́n tẹ̀ ẹ́, fóònù ké lórí tábìlì. Wọ́n fi ohùn tó ṣẹ́ kù fún wọn sọ ọ́, bí ẹni ń fi sáńpépà họ igi: "Tí kò bá dáhùn ńkọ́?"

Mo ní fóònù á dún, Àǹtí. Ṣebí ẹ gbọ́ bó ṣe dún.

"Mo gbọ́ ọ. Mo ní tí kò bá *dáhùn* ńkọ́?"

Mo ní àmì aláwọ̀ ewé á yọ. Wọ́n bi mí pé kí ni àmì náà ń sọ. Mo ní ó ń sọ pé ó ti lọ. Wọ́n ní, "Ó ti lọ, àbí ó ti gbọ́?" Inú bí mi. Mo ti fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún sáré sókè sódò, kò sẹ́ni tó kí mi kú iṣẹ́, àgbàlagbà wá jókòó, ó ń bi mí ní ìbéèrè bí adájọ́. Mo ní, "Àǹtí, ayé ti kọjá ibẹ̀." Mo sọ ọ́ báyìí fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Wọ́n wò mí, wọ́n gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù wọn.

Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

A dán an wò. A to fóònù àwọn awakọ̀ sórí tábìlì, Ọmọ Kọ̀ǹpútà lọ dúró níta, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ogún ìgbà ló tẹ̀ ẹ́, ogún ìgbà ló dún. Ó fò sókè, ó dì mọ́ mi. Ọmọ dáadáa ni. Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí Àǹtí wọlé abẹ.

Ajé, ọjọ́ kẹrin, oṣù karùn-ún

Lónìí, Àǹtí pe gbogbo wọn. Mọ́kànlélógójì, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, láti fi tó wọn létí pé àwọn kọ́ ló máa gbé tẹlifóònù mọ́, kí wọ́n máa tẹ bọ́tìnnì pupa. Ohùn ń há, wọ́n ń mu omi gbígbóná, wọ́n ń tẹ̀ síwájú. Àwọn kan ń sunkún. Ìyá Aránṣọ ló pẹ́ jù. Mo ń gbọ́ tí Àǹtí ń wí pé, "Ó ti tó, ìwọ obìnrin yìí, jẹ́ kí n fi ohùn tó kù dágbére fún àwọn ọmọ mi." Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín, ẹnì kan láìlóhùn, ẹnì kan láìléèémí.

Ìlà kan tí a ò tíì kọ nǹkan sí ló kù lójú ìwé ńlá náà. Wọ́n fi pẹ́ńsù wọn sáàárín ẹ̀, wọ́n pa á dé.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Àǹtí yè. Mo ké "Àǹtí," wọ́n ṣẹ́jú sí mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Aago mọ́kànlá àárọ̀. Ọjọ́ kẹjọ rèé. Ẹni mẹ́ta ló tẹ bọ́tìnnì láàárọ̀ yìí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló mú àmì aláwọ̀ ewé jáde. Ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ wo bí ayé ṣe rọrùn! Mo po tíì, mo nasẹ̀ lé àga Àǹtí, mo tiẹ̀ tòògbé díẹ̀. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti ṣe é lọ́dún tó kọjá.

Ìrọ̀lẹ́.

Ìyá Aránṣọ ti kú. Ọ́síjìn tán mọ́ wọn nímú.

Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má lè parọ́ fún ara mi lọ́la.

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Ìyá Aránṣọ tẹ bọ́tìnnì. Ọ́síjìn wákàtí méjì ló kù nínú sílíńdà wọn, bí wọ́n ṣe máa ń pe Àǹtí gẹ́lẹ́. Lákòókò yẹn, Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ wà nílé aláìsàn mìíràn, àjà kẹfà, ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè ti bàjẹ́, èjìká ni wọ́n fi gbé sílíńdà. Fóònù wọn wà nínú àpótí ọkọ̀. Wọ́n ti pa á. Wọ́n pa á nítorí pé ọkọ mi ló ní kí wọ́n máa pa á, láti ọdún tí iná jó awakọ̀ wa àkọ́kọ́ lọ́wọ́ níbi tó ti ń dáhùn ìpè lẹ́gbẹ̀ẹ́ sílíńdà. Kò sí ẹni tí kò mọ òfin yẹn nínú ṣọ́ọ̀bù wa. Ìdí nìyẹn tí kò sẹ́ni tó sọ ọ́.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bíi aago mẹ́wàá, wọ́n tan fóònù. Kò dún. Wọ́n ní àwọn dúpẹ́ fún àárọ̀ tó rọlẹ̀, wọ́n lọ fọ ọkọ̀. Lásìkò Àǹtí, bí wọ́n bá tan fóònù báyìí, wọ́n á bá ìpè mẹ́jọ, ìpè mẹ́wàá lórí ẹ̀, Àǹtí á sì tún pè: "Ṣé inú kànga lo wà ni?"

Ọmọ Kọ̀ǹpútà wá. Ó wo fóònù náà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní bí òun ṣe kọ́ ọ, bí wọ́n bá pa fóònù tí wọ́n tún tàn án, áàpù ò ní jí fúnra ẹ̀ àfi bí ẹnì kan bá ṣí i. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jí, ìlà bíi mélòó kan ni, òun ì bá kọ ọ́ láàárín ọjọ́ kan. "Màámi, ẹ ò sọ fún mi pé wọ́n máa ń pa fóònù." Kò pariwo. Omi ń bọ́ lójú ẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. "Mo bi yín. Mo bi yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

Ó bi mí. Mo ní sílíńdà là ń gbé.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ọkùnrin onígíláàsì wá kí mi kú àdánù. Mo bi wọ́n bóyá tiwọn ì bá gbà á là. Wọ́n bọ́ gíláàsì wọn. Wọ́n ní nétíìfù tí ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan fún, òpè lòun náà. "Ṣùgbọ́n Mádáàmù, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn... ǹ bá ti rí i tí wọ́n ń pa fóònù." Wọ́n bẹ̀ mí pé kí n má bínú pé àwọn sọ ọ́.

Mi ò bínú. Kí ni mo fẹ́ fi bínú? Gbogbo òtòkùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Wọ́n dá Àǹtí sílẹ̀ nílé ìwòsàn. Mo ti bẹ gbogbo èèyàn pé kí wọ́n má sọ fún wọn, kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Wọ́n na ọwọ́ sí síléètì tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ báyìí. Mo rò pé wọ́n fẹ́ bú mi. Ó wù mí kí wọ́n bú mi.

Wọ́n kọ ọ́ pé: *Ta ló pe awakọ̀ lẹ́ẹ̀kejì?*

Mo ní kò sẹ́nì kan, Àǹtí. Wọ́n pa á rẹ́. Wọ́n yí ojú sí ògiri, èjìká wọn ń gbọ̀n, mi ò sì gbọ́ nǹkan kan. Ẹkún tí kò ní ohùn, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tún rí irú ẹ̀ mọ́.

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Láti ọjọ́ mẹ́fà ni mo ti dá tẹlifóònù padà. Èmi ni mo jókòó tì í. Mò ń pe awakọ̀, mò ń pè é títí á fi sọ ọ́ lẹ́nu ara ẹ̀. Mo gbọ́ pé ìdílé mẹ́rin ti lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Òjò ń rọ̀ láti àná.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo lọ kí ọmọ Ìyá Aránṣọ. Mo gbà pé ó lè lé mi. Kò lé mi. Ó gbé àga fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, ìdajì kọ́là ló ti yí. Ó ní ibi iṣẹ́ lòun wà lọ́jọ́ náà. Ó ní aládùúgbò kan kan ilẹ̀kùn lágogo mẹ́wàá ààbọ̀, tó bi Màmá bóyá kóun wá ọkọ̀ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn nítorí bí wọ́n ṣe ń mí. Màmá na fóònù sí i, wọ́n fi hàn án. "Alátẹ́gùn ti ń bọ̀ lọ́nà." Aládùúgbò náà bá lọ.



Ó wá mú fóònù náà wá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un kúrò. Àwọn èèyàn ṣì ń pe Màmá, èmi ni mò ń gbé e, gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí i ni mò ń rí i." Mo wò ó. *Ọ́síjìn yín ti ń bọ̀ lọ́nà.* Ọjọ́ kẹwàá, ó ṣì ń bọ̀. Mo wá ibi tí màá ti fagi lé e. Kò sí. A ò ṣe irú ẹ̀. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, èmi ni mo sì sọ fún Ọmọ Kọ̀ǹpútà pé kan ṣoṣo ti tó.

Ọmọbìnrin náà ń wò mí. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó TI DÉ. Fóònù náà ní, *A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín*, ojú ẹ̀ sì mọ́.

Nígbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù, Àǹtí wà lórí àga wọn, ìbòrùn yí ọrùn wọn ká. Kò tíì yẹ kí wọ́n jáde. Wọ́n ti ṣí ìwé ńlá. Lórí ìlà kan tó kù lójú ìwé yẹn, wọ́n ti fi ọwọ́ wọn kọ ọ́: *Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyá Aránṣọ.* Wọn ò fàmì sí i.

Tẹlifóònù dún. Mo gbé e, mo gba orúkọ ilé, mo na ọwọ́ láti ṣí ojú ìwé tuntun. Àǹtí fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìwé náà mọ́lẹ̀. Wọ́n fa bébà pélébé kan yọ nínú dúrọ́ọ̀, wọ́n gbé e síwájú mi. Ibẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí, mo wá ń pe Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ títí wọ́n fi dáhùn.